Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ògiri: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Yàrá Ìgbohùnsílẹ̀ Sínú Ilé Àgùdà Àtijọ́

Àwọn ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì bọ̀ kọ́ sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, lójú ọ̀nà Bámgbóṣé, Tòkunbọ̀, Kákáwà àti àyíká wọn, ní ohun mẹ́ta tí ẹni tó ń wá ibi ìgbohùnsílẹ̀ máa ń fẹ́: ògiri tó nípọn, àjà tó ga, yàrá tó fẹ̀. Wọ́n tún ní mẹ́ta tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́: fèrèsé onígi tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá, ilẹ̀ pákó lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí ẹsẹ̀ ń dún lórí rẹ̀, àti ọ̀rinrin inú ògiri.

Yàrá nínú yàrá ni a máa kọ́. Yàrá tuntun á dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò ní fara ti ògiri àtijọ́, kò ní so mọ́ àjà àtijọ́. Ohun tó ń dáàbò bo ilé náà nìyẹn, ohun tó sì ń dá ariwo dúró náà nìyẹn. Ọ̀kan ni wọ́n. Káfíńtà tó bá gbá ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri kí férémù “lè dúró dáadáa” ti ba nǹkan méjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan: ó ti lu ara ilé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì ti la ọ̀nà fún ariwo. Nítorí náà, gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ẹ lè tú kúrò lọ́la kí yàrá náà sì padà sí bó ṣe wà.

Yàrá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ wà nísàlẹ̀ ilé: gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 3.8, gíga rẹ̀ mítà 3.9. Fèrèsé méjì ló ní àti ilẹ̀kùn kan. Tí tiyín bá yàtọ̀, ẹ kàn pààrọ̀ nọ́ḿbà.

Àṣẹ ṣáájú òòlù

Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kéde ní 1956 pé ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wó lulẹ̀ lábẹ́ katapílà ní oṣù kẹsàn-án 2016. Láti ìgbà náà ni ojú ti là sí ẹni tó bá gbé igi àti sìmẹ́ńtì wọ ilé Àgùdà. Tí ilé yín bá wà lára àwọn ohun ìrántí tí ìjọba kéde, ọ̀dọ̀ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó wọn, lẹ máa kọ́kọ́ lọ. Tí kò bá sí lára wọn, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé. Ẹ mú àwòrán lọ, kí ẹ sì fi hàn níbẹ̀ pé kò sí ohun tí ẹ máa gbẹ́, tí ẹ máa wó, tàbí tí ẹ máa kàn mọ́ ara ilé. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan máa ń mú ìwé rọrùn.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí jẹ́ ilé ẹbí. Ìyọ̀ǹda olórí ẹbí nìkan kò tó; ẹ jẹ́ kí àwọn aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Stúdíò tí ọmọ bàbá kan wá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò ní í ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ ohùn.

Ẹ rántí pé kì í ṣe dandan kí yàrá náà wà nínú ilé gan-an. Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣí ní 1931, ilé àtijọ́ ló wà níwájú rẹ̀. Ọgbà ẹ̀yìn ilé ni wọ́n kọ́ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ńlá sí. Tí ẹ̀yìnkùlé yín bá fẹ̀, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó wọlé.

Ẹ gbọ́ ti ilé náà ná

Ògiri: àwọn kan jẹ́ bíríkì, àwọn kan amọ̀ pupa, wọ́n sì sábà máa ń fi ẹfun sísun rẹ́ wọn. Ẹ má lu ihò láti mọ̀ ọ́n. Ibi tí pílásítà ti já fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wò ó. Ẹ fi ìka kan ògiri káàkiri. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, pílásítà ti ṣí lára rẹ̀. Àtúnṣe ibẹ̀, ẹfun náà ni ẹ máa fi ṣe é. Sìmẹ́ńtì le ju ògiri náà lọ, kì í sì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ jáde; omi náà á wá gba ibòmíràn, á máa ti bíríkì fọ́ láti inú wá.

Ọ̀rinrin: ẹ lẹ ọ̀rá funfun tó fẹ̀ tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà níhà kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri fún ọjọ́ méjì. Tí ìrì bá sẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rá, ní ìhà ògiri, inú ògiri lomi ti ń bọ̀: ẹ wá ibi tí ó ń gbà wọlé, bí gọ́tà òrùlé tó ń jò tàbí ilẹ̀ ìta tó ga ju ilẹ̀ inú lọ. Tó bá sẹ̀ sójú ọ̀rá, afẹ́fẹ́ yàrá ló rin. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá àmì omi àgbàrá wà níbẹ̀. Tí àgbàrá bá ti wọ yàrá náà rí, ẹ yan òmíràn.

Ibi tó sán: ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí orí àti ìdí rẹ̀, kí ẹ kọ déètì sí i. Tó bá kọjá ìlà láàárín oṣù mẹ́ta tí òjò wà nínú wọn, ilé náà ń rìn. Ẹni tó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀ ilé lẹ máa pè, kì í ṣe káfíńtà.

Ariwo: ẹ wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ní ọ̀sán Jímọ̀, ní alẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké, àti ní àárọ̀ Sunday. Áàpù orí fóònù lè fún yín ní òye, àmọ́ etí rẹ̀ di sí béèsì. Tí ìta bá jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (dB, òṣùwọ̀n ariwo) 75, tí ẹ sì fẹ́ kí inú yàrá wà ní 25, tó dára fún ohùn ènìyàn, 50 ni iṣẹ́ tó wà níwájú yín. Nọ́ḿbà yìí ló máa sọ iye tí ẹ máa ná.

Ìdí tí kò fi lè jẹ́ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì

Bọ́ọ̀dù gypsum ìlọ́po méjì, tí a máa fi ṣe ara yàrá tuntun, wúwo tó kílò 20 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ògiri mẹ́rin àti àjà yàrá tuntun (ìwọ̀n rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀) jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 59, ìyẹn kílò 1,180. Ẹ fi igi férémù bíi 750 kún un, rockwool (òwú òkúta tó ń mu ohùn) 265, ilẹ̀kùn méjì àti pánẹ́ẹ̀lì inú bíi 200. Ó ti lé ní tọ́ọ̀nù méjì kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìlù wọlé. Tí a bá pín in sórí ilẹ̀ tó gbà, bíi kílò 135 ló bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ìdí ògiri nìkan ló sì ń gbé e, kò tàn ká. Ilẹ̀ ilé gbígbé, 150 ni àwọn ẹnjiníà òde òní sábà máa ń ṣírò fún un, ìyẹn fún igi tuntun. Igi tí ikán ti tọ́ wò láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún kò yẹ kó gbé e. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wà. Ilẹ̀ tó jókòó lórí yẹ̀pẹ̀ kì í gbọ̀n bíi pákó, èyí sì gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó ilẹ̀ aléfòó (ilẹ̀ kejì tó jókòó lórí rọ́bà) tí wọ́n máa ń tà fún àwọn tó wà lókè.

Ìwọ̀n yàrá tuntun

Inú yàrá tuntun: gígùn mítà 4.6, fífẹ̀ 3.4, gíga 2.7. Ẹ má jẹ́ kí ìwọ̀n méjì bá ara wọn dọ́gba, ẹ sì sá fún ìwọ̀n tó pín ara wọn gẹ́ẹ́. 4.5, 3.6 àti 2.7 dùn-ún gbọ́ létí káfíńtà, àmọ́ ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pàdé ní nǹkan bíi 190 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ohùn akọrin á sì máa wú ní nóòtù kan náà ní gbogbo ìgbà.

Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn gypsum àti ògiri àtijọ́ á wá jẹ́ mìlímítà 175. Ibẹ̀ ni agbára iṣẹ́ yìí wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ jí àyè. Ẹ wò ó báyìí: ògiri wúwo kan, awọ fẹ́lẹ́ kan (bọ́ọ̀dù gypsum), afẹ́fẹ́ láàárín wọn. Wọ́n ń ṣe bí ìlù. Wọ́n ní ohùn tí wọ́n máa ń bá dún, ní ohùn yẹn wọn kì í dá nǹkan kan dúró. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ìwúwo awọ inú (kílò lórí mítà onígun mẹ́rin) di púpọ̀ pẹ̀lú àlàfo (ní mítà), ẹ wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì rẹ̀, kí ẹ fi pín 60. Tiwa: 20 × 0.175 jẹ́ 3.5, gbòǹgbò rẹ̀ 1.87, ìdáhùn jẹ́ bíi 32 Hz. Láti bíi 50 Hz lọ sókè, yàrá náà á ti máa ṣiṣẹ́ gidi. Ẹni tó fi bọ́ọ̀dù ẹyọ kan (kílò 10) sí àlàfo mìlímítà 50 á rí 85 Hz, ohùn ọkùnrin tó rinlẹ̀ gan-an nìyẹn. Owó rẹ̀ ti lọ, ohùn ṣì ń jáde.

Ẹ má fi awọ kẹta sáàárín wọn. Àwọn kan máa ń ro pé tí méjì bá dára, mẹ́ta á dára jù. Awọ kẹta gé àlàfo ńlá sí kéékèèké méjì, béèsì á sì máa kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun èlò

Fún yàrá yìí: bọ́ọ̀dù gypsum mìlímítà 12.5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.2 sí 2.4, márùndínláàádọ́ta (èyí tó máa ṣòfò wà nínú rẹ̀). Igi 2×4 ẹsẹ̀ bàtà 12, bíi márùndínlọ́gọ́ta fún òpó, ìdí àti orí. Igi 2×6 ẹsẹ̀ bàtà 12, mẹ́tàlá fún àjà. Rockwool mìlímítà 100, mítà onígun mẹ́rin 60 àti díẹ̀ lé. Sílíkónì tí kì í gbẹ le, túbù mẹ́rìnlélógún. Rọ́bà gbọọrọ mìlímítà 10 tó gba gbogbo ìdí férémù, bíi mítà 17. Pláìwúùdù mìlímítà 18 fún ilẹ̀kùn, ìdérí fèrèsé àti àpótí afẹ́fẹ́. Skúrù mìlímítà 35 fún ìpele àkọ́kọ́, 50 fún èkejì.

Ẹ wọn igi kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó. Igi àjà gbọ́dọ̀ dé mítà 3.65 gẹ́ẹ́, èyí tó bá fi ìka méjì kúrú kò wúlò fún yín. Igi tútù náà, ẹ fi sílẹ̀ lọ́jà. Ó máa gbẹ lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí, á fà, sílíkónì á sì ya kúrò lára rẹ̀ ní oríkèé. Ẹ kun gbogbo igi ní oògùn ikán ní ìta, kó gbẹ pátápátá kó tó wọlé.

Ẹ ò ní rí fóòmù nínú àkójọ yìí, ẹ ò sì ní rí páálí ẹyin. Kò sí èyí tó ń dá ariwo dúró nínú méjèèjì. Wọ́n fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba inú wọn. Iṣẹ́ tí fóòmù lè ṣe ni kó dín ìró inú yàrá kù díẹ̀. Wọ́n sì ń jó. Nínú ilé tí igi rẹ̀ ti gbẹ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, yàrá tí kò ní fèrèsé, ilẹ̀kùn kan, fóòmù lára ògiri: ẹ má ṣe é.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: fèrèsé

Ògiri àtijọ́ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè dá bíi 50 dB dúró fúnra rẹ̀. Fèrèsé onígi ni kò jẹ́. Tí ihò bá gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ara ògiri, gbogbo ògiri náà ti já sí 20 dB. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, 30 ni. Lára ògiri wa tó fẹ̀ ní mítà 3.8, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún kò ju àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn lásán lọ.

Ẹ má yọ fèrèsé, ẹ má kàn án pa. Ẹ ṣe ìdérí tó máa wọ inú ojú fèrèsé láti inú yàrá: pláìwúùdù mẹ́ta tí a fi gúlúù lẹ̀ mọ́ ara wọn, mìlímítà 54 lápapọ̀. Tí fèrèsé bá jẹ́ mítà kan sí 1.8, á wúwo tó kílò 60, nítorí náà ènìyàn méjì. Ẹ fi rọ́bà rírọ̀ yí etí rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà ẹ fi igi ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ méjì-méjì há a: ẹ fi òòlù rọra lu èyí wọ abẹ́ ìyẹn títí rọ́bà á fi fún pọ̀ dé ìdajì. Kò sí skúrù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ lu igi náà padà.

Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán sílẹ̀ láàárín ìdérí àti fèrèsé onígi, kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fèrèsé á jẹrà. Ẹ kun ojú ìdérí tó kọjú síta ní dúdú. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á kàn rí yàrá tí iná rẹ̀ kò tàn. Tí dígí aláwọ̀ bá wà lórí fèrèsé, ẹ fi páálí tó mọ́ bo ojú rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí.

Férémù

Ẹ tẹ́ ọ̀rá gbọọrọ sílẹ̀ kí ọ̀rinrin má gun igi, ẹ tẹ́ rọ́bà lé e, kí igi ìdí wá sórí rọ́bà. Ẹ má kàn án mọ́lẹ̀. Ìwúwo yàrá náà á dì í mú. Òpó kọ̀ọ̀kan á jìnnà sí ìkejì rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, láti àárín dé àárín, kí etí bọ́ọ̀dù lè máa bọ́ sórí igi. Ẹ fi igi kéékèèké dábùú láàárín wọn ní ìdajì gíga, kí ẹ sì so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ dáadáa, torí pé kò ní ẹni tó máa fara tì. Igi àjà á dùbúlẹ̀ sórí ògiri tuntun ní fífẹ̀ yàrá, sẹ̀ǹtímítà 40 láàárín wọn, mẹ́tàlá lápapọ̀. Bíi mítà kan ṣì wà lókè wọn kí ẹ tó kan àjà àtijọ́. Àyè àpótí afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Láàárín férémù àti ògiri, mìlímítà 75 ni ẹ máa fi sílẹ̀. Ẹ gé igi kan sí ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́, kí ọmọ iṣẹ́ máa fi wọn ibi gbogbo. Nígbà tí rockwool bá wọ àárín òpó, kò gbọ̀dọ̀ yọ sẹ́yìn dé ara ògiri. Ẹ fi okùn ọ̀rá dì í mú sáàárín òpó. Ògiri ẹfun ń mí, afẹ́fẹ́ àlàfo yẹn ló ń gbẹ ẹ́.

Kí ẹ tó dé e, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yí inú àlàfo ká. Ìdí igi tí a gé, bíríkì kékeré, ìdì sìmẹ́ńtì: ohunkóhun tó bá já bọ́ tó há sáàárín òpó àti ògiri ti di afárá fún ariwo. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìka kan òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kejì fi etí lé ògiri ní ìta. Ibi tó bá ti gbọ́ “kó, kó” tó mọ́ gaara ni nǹkan ti ń fara kan nǹkan. Lásìkò yìí, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ máa fi tún un ṣe. Tí bọ́ọ̀dù bá ti bò ó, ọjọ́ méjì ni.

Ẹ fi ilẹ̀kùn kékeré tí skúrù dè, tí rọ́bà yí etí rẹ̀ ká, sí ibì méjì lára ògiri tuntun, ọ̀kan ní iwájú fèrèsé kọ̀ọ̀kan. A máa nílò wọn.

Bọ́ọ̀dù àti sílíkónì

Ẹ fi àlàfo mìlímítà 6 sílẹ̀ yí etí bọ́ọ̀dù ká ní igun, lórí àti nísàlẹ̀ (nísàlẹ̀ ẹ lè mú un dé 10, torí gypsum máa ń mu omi ilẹ̀). Ẹ kún un ní sílíkónì ní ìpele àkọ́kọ́, kó gbẹ. Ìpele kejì, oríkèé rẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sórí ti àkọ́kọ́. Ẹ sún un ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ kún àlàfo etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Túbù mẹ́rìnlélógún lè dà bí àṣejù, àmọ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń dín owó kù nìyí, ibẹ̀ náà ni ariwo sì máa ń gbà.

Ẹ má gbẹ́ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì sínú bọ́ọ̀dù. Ojú bọ́ọ̀dù ni kí àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì jókòó sí, kí wáyà gba inú páìpù ojú ògiri. Ihò kan ṣoṣo ni wáyà gbogbo á gbà wọlé, nínú páìpù tó gba wọn dáadáa, tí a dí ní rockwool àti sílíkónì níhà méjèèjì.

Ilẹ̀kùn

Méjì ni, ọ̀kan lára ògiri tuntun, ọ̀kan ní ojú ilẹ̀kùn àtijọ́, tí ẹ máa gbé kalẹ̀ bí ìdérí fèrèsé. Ẹ fi ilẹ̀kùn àtijọ́ sílẹ̀ ní àyè rẹ̀, kó máa ṣí sílẹ̀. Pláìwúùdù mẹ́ta lẹ̀ pọ̀ náà ni, bíi kílò 65 fún ilẹ̀kùn kan, nítorí náà híǹjì ńlá mẹ́rin. Rọ́bà ìlà méjì ní etí, ìgbásẹ̀ igi nísàlẹ̀ tí ilẹ̀kùn máa fún rọ́bà mọ́.

Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn ní ibi mẹ́jọ yíká, kí ẹ tì í. Ibi tí bébà bá ti yọ láìjà, rọ́bà kò kàn án. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe ìdánwò kejì: ẹ pa iná ìta, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù nínú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà, ohùn á gbà á.

Kí ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí síta, kí wọ́n má sì ní kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ènìyàn bá wà nínú. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń ké tí èéfín bá rú sí inú yàrá àti sí àlàfo àjà.

Afẹ́fẹ́, òtútù àti ìrì

Yàrá tí ohùn kò lè jáde nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wá, èyí tó wà nínú yàrá náà ló ń mú tutù. Ènìyàn mẹ́rin nílò bíi lítà 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣe àpótí pláìwúùdù méjì, ọ̀kan fún wíwọlé, ọ̀kan fún jíjáde, gígùn bíi mítà kan àti ààbọ̀, tí ọ̀nà inú rẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, tí a fi rockwool tí aṣọ bò tẹ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ́ ẹ tán, kí ojú ọ̀nà náà ṣì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 sí 20. Ní ìwọ̀n yẹn afẹ́fẹ́ á máa rìn ní bíi mítà 0.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, máìkì kò sì ní gbọ́ ọ. Ẹni tó gba irú afẹ́fẹ́ kan náà kọjá nínú páìpù tóóró á gba ohùn “fúùùù” sórí gbogbo orin rẹ̀. Orí igi àjà tuntun ni àpótí á jókòó sí, páìpù rírọ̀ á so ó pọ̀ mọ́ ihò tí ẹ ṣe sára ìdérí fèrèsé. Ìdérí ni ẹ lu ihò sí, kì í ṣe ògiri. Páìpù ẹ̀rọ amúlétutù náà, ibẹ̀ ni kó gbà. Fáànù kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá.

Ẹ fi òtútù sí 25°C. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó iná nìkan. Tí afẹ́fẹ́ àlàfo bá wà ní 28°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 80%, ìrì á sẹ̀ lára ohunkóhun tó bá tutù ju bíi 24 lọ. Ẹni tó fi sí 18 torí kí akọrin má làágùn ti sọ ẹ̀yìn gypsum rẹ̀ di ara ìgò omi tútù; lẹ́yìn òjò kan, òórùn èébu á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò sì ní rí ibi tó ti ń wá. Ẹ má sì kun inú yàrá ní ọ̀dà olóróro, ẹ má tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ bọ́ọ̀dù, kí ohun tó bá rin lè rí ọ̀nà gbẹ.

Jẹnẹrétọ̀

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo pẹtiróòlù máa ń yí ní 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 Hz, iná inú púpọ̀ nínú wọn sì ń bú ní 25. Ohùn méjèèjì wà níbi tí yàrá wa kò tíì lágbára. Kò sí ògiri fẹ́lẹ́ tó máa ṣe é. Ẹ fi inverter àti bátìrì ṣiṣẹ́ nígbà tí máìkì bá ṣí, kí jẹnẹrétọ̀ máa fún bátìrì lóúnjẹ ní àkókò mìíràn. Ti aládùúgbò kò sí lọ́wọ́ yín: ẹ gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò lórí máìkì akọrin. Tó bá jẹ́ ìlù ńlá lẹ fẹ́ gbà, ẹ mọ wákàtí tí àdúgbò máa ń dákẹ́.

Inú yàrá

Yàrá òfìfo á máa dún bíi kànga. Inú rẹ̀ gba mítà oníhà mẹ́ta 42. Kí ìró lè kú láàárín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun tó ń mu ohùn gbọ́dọ̀ tó bíi mítà onígun mẹ́rin 22. Rọ́ọ̀gì, gypsum àti ara ènìyàn á mú díẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó kù, ogún pánẹ́ẹ̀lì rockwool, sẹ̀ǹtímítà 60 sí 120, nínípọn 10. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dí láti ilẹ̀ dé òkè, béèsì ń kóra jọ síbẹ̀, kí ẹ tó wá pín ìyókù sára ògiri àti àjà. Aṣọ tí ẹ máa fi bò wọ́n: ẹ fi ẹnu lé e, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn. Tó bá gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, ó dára. Àǹkàrá tó fúyẹ́ sábà máa ń yege, èyí tí wọ́n fi ìda dán kì í yege. Dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fẹ́ kí yàrá sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìkọ́ gbé mẹ́fà nínú pánẹ́ẹ̀lì náà kọ́, kí wọ́n ṣe é yọ.

Àyẹ̀wò lọ́dọọdún

Ní oṣù kìíní, tí ọ̀yẹ́ bá ti gbẹ ohun gbogbo, ẹ tú skúrù àwọn ilẹ̀kùn kékeré méjèèjì. Ẹ ti tọ́ọ̀ṣì bọ inú àlàfo, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri dé òkè. Ojú ọ̀nà ikán máa ń dà bí ìlà ẹrẹ̀ tóóró tó ń gun ògiri bọ̀ wá sí ara igi. Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ fín oògùn síbẹ̀. Ẹ wo ìlà pẹ́ńsù àti déètì tí ẹ kọ síbi tó sán. Ẹ fọwọ́ kan rockwool, bóyá ó tutù. Ẹ lu igi ìdérí fèrèsé lẹ́ẹ̀kan sí i tí rọ́bà bá ti rọ̀ jù, kí ẹ tó dí àwọn ilẹ̀kùn kékeré náà padà.